Ajá Tí Ejò Ṣán Kì í Ṣe Òkú

Ní òpin ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ìkórè kajú bá dé ní Akpassi, kì í ṣe ènìyàn ni ó máa ń kọ́kọ́ wọ abẹ́ igi. Ajá ni. Ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀, èso pupa àti èso aláwọ̀ ìyeyè sì wà káàkiri lórí rẹ̀. Ajá a ti imú bọ abẹ́ ewé, a fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀, a máa wá eku tí òórùn rẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Bí ejò bá wà lábẹ́ ewé yẹn, imú ajá ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé. Ajá a ké lẹ́ẹ̀kan, a fò sẹ́yìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ha ojú. Kí alájá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń wú.

Láti ìgbà yẹn lọ, ìwà méjì ni ó sábà máa ń hàn lára àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan á ní: «Ajá lásán ni, ẹ fi í sílẹ̀.» Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri: ọ̀kan mú abẹ wá, èkejì mú okùn, ẹ̀kẹta mú epo pupa tàbí epo ọkọ̀, ẹ̀kẹrin lọ wá òkúta dúdú. Ìwà àkọ́kọ́ kò dára, ìwà kejì sì lè burú jù ú lọ. Ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ lè yè fúnra rẹ̀ bí oró tí ó wọ ara rẹ̀ kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n fi abẹ ya lára, tí wọ́n fi okùn dì lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì rọ epo sí lẹ́nu, ìyà méjì ni ó ń jẹ: ti ejò àti ti ènìyàn.

Ẹni tí ó bá ń pe ajá ní ohun lásán ní ìlú oko, bóyá kò bá ọdẹ rìn rí. Akpassi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́sàn-án tí kọ̀múùnù Bantè pín sí, ní ẹ̀ka Collines. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà àti kajú ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn. Oko jìnnà sí ilé, igbó sì wà láàárín wọn. Ajá ni ó ń lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo. Ajá ni ó ń tú ọ̀yà jáde nínú pápá. Ajá ni ó ń gbó lóru nígbà tí ẹsẹ̀ àjèjì bá sún mọ́ abà tí àpò kajú wà. Ajá ọdẹ tí ó gbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè rà lọ́jà ní òwúrọ̀ kí ó sì mú un lọ sí igbó ní ìrọ̀lẹ́. Ó gba àkókò kí ó tó mọ ohùn olúwa rẹ̀ àti ohùn fèrè. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀: iwájú ni ó ń rìn. Ejò tí ó ṣán ajá ní imú, ẹsẹ̀ alájá tàbí ọwọ́ ọmọ tí ń ṣa kajú ni ìbá ṣán bí ajá kò bá tètè dé ibẹ̀.

Ejò pọ̀ ní irú, oró wọn kò sì ṣiṣẹ́ bákan náà. Mẹ́ta nínú wọn ni ó yẹ kí gbogbo alájá ní agbègbè Bantè àti Savalou mọ̀ dunjú.

Èkíní ni paramọ́lẹ̀ ńlá. Ara rẹ̀ nípọn, orí rẹ̀ fẹ̀, kì í sì í tètè sá fún ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ sí ojú ọ̀nà bí igi kéékèèké tí ó wó, kí ó sì máa mí fùú bí ẹni tí ń fẹ́ iná. Oró rẹ̀ ń ba ẹran ara jẹ́. Ibi tí ó ṣán a wú, a máa dúdú, a sì máa dun ajá gan-an. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara á máa ṣàn lọ sínú ibi tí ó wú náà, títí tí ẹ̀jẹ̀ tí ó kù nínú iṣan kò fi ní tó ara mọ́. Nígbà náà ni erìgì ajá á funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù, kò sì ní lè dìde.

Èkejì kéré. Kò sábà gùn ju apá ènìyàn lọ. Awọ rẹ̀ jọ iyanrìn, ó sì ní àmì tóótòòtó lára. Bí inú bá bí i, á ká ara rẹ̀ kò, á máa fi ìpẹ́ ara rẹ̀ gbo ara wọn, á sì máa dún bí epo tí ń hó nínú agbada. Irú paramọ́lẹ̀ ni òun náà, kékeré rẹ̀ sì ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ní ilẹ̀ pápá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sí ejò tí ó ń pa ènìyàn tó o. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Ajá tí ó ṣán lè máa rìn kiri ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, àfi kí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní erìgì rẹ̀, ní imú rẹ̀ tàbí nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni sèbé, ejò dúdú tí ń gbé ọrùn sókè, tí ń tu oró sí ojú ohun tí ó bá dẹ́rù bà á. Ó lè ṣán ajá pẹ̀lú, oró rẹ̀ sì lè mú kí awọ jẹrà. Ṣùgbọ́n ajá a máa gbó mọ́ ọn ní iwájú, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ojú ajá ni oró yìí sábà máa ń bá. Yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ejò kan wà tí oró wọn ń mú ara rọ: ìpéǹpéjú ajá á wálẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa wọ́, mímí á sì di iṣẹ́ ńlá.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ajá le ju oró lọ nítorí pé ó ń jẹ ohun tí ó ti bàjẹ́, kò sì kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ajá àti ẹ̀jẹ̀ ológbò. Wọ́n rí i pé oró ejò ń tètè da ẹ̀jẹ̀ ajá rú ju ti ológbò lọ. Wọ́n tún ṣàlàyé pé ológbò sábà máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ejò, nígbà tí ajá ń fi imú àti ẹnu kò ó lójú, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ológbò á lọ dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ajá á sì máa sáré kiri, eré rẹ̀ á sì máa gbé oró káàkiri ara.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, ó rọrùn láti rí ohun tí ó burú nínú abẹ. Ẹni tí ó bá ya ojú egbò ajá tí paramọ́lẹ̀ kékeré ṣán, ihò ni ó ń lu sí ara ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde láti òwúrọ̀ di alẹ́. Okùn pẹ̀lú kò sàn jù ú lọ. Oró tí ó ń pa ẹran ara ni wọ́n fi okùn há mọ́ ojú kan, ẹsẹ̀ tí ìbá wú lásán á sì jẹrà. Fífi ẹnu fa oró jáde kò mú nǹkan kan jáde àyàfi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Epo ọkọ̀, epo pupa àti ẹyin tí wọ́n ń rọ sí ọ̀fun ajá tí ọ̀fun rẹ̀ ti ń wú lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ó ku òkúta dúdú. Kò rọrùn láti sọ̀rọ̀ lòdì sí i, nítorí pé ó wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ẹni ọ̀wọ̀ sì ti pín in fún ènìyàn. Egungun tí wọ́n sun ni. Wọ́n ti dán an wò lára eku nínú ilé ìwádìí, kò sì dá oró dúró. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń jẹ́rìí sí i? Ìdí rẹ̀ ni pé ejò kì í tu oró sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣán nǹkan. Ìgbà mìíràn, eyín nìkan ni ó wọlé, oró kò tẹ̀lé e. Àwọn ejò tí kò ní oró rárá sì pọ̀ nínú igbó. Ajá tí irú wọn ṣán yóò yè bí wọ́n fi òkúta lé e lára, yóò sì yè bí wọ́n bá fi ewé òdòdó lé e. Òkúta ni yóò gba ọpẹ́. Ohun kan náà ni a lè sọ nípa ọ̀pọ̀ àgbo, láìtàbùkù àwọn àgbà tí wọ́n mọ ewé. Babaláwo tàbí ọdẹ àgbà tí àwọn ènìyàn ń sáré tọ̀ lọ ní agbára kan tí dókítà kò ní: òun ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ó bá sọ pé kí wọ́n gbé ajá lọ ní kíákíá, wọn yóò gbé e lọ.

Ewu kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Ajá tí ara ń ro lè bu olúwa rẹ̀ jẹ, kò sì ní jẹ́ pé ó ya aláìmoore. Àrùn dìgbòlugi ṣì wà ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ ajá ni kò sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí. Ẹni tí ó fẹ́ gbé ajá bẹ́ẹ̀ níláti fi aṣọ tí ó nípọn bò ó, kí ó gbé e láti ẹ̀yìn, kí ó má sì fi okùn di ẹnu tí ń wú. Bí ajá bá sì bù ú jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ohun tí ó yẹ kí alájá ṣe kò pọ̀, kò sì gbówó lórí. Kí ó kúrò níbi tí ejò wà, kí ó má lé e, kí ó má wá a láti pa á, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba ìṣán tiwọn. Kí ó tú okùn ọrùn ajá kí wíwú tó dé ibẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí ajá fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ó gbé e, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ tàbí lẹ́yìn zémidjan, kí ó sì wo aago kí ó lè sọ àkókò tí ejò ṣán an fún dókítà ẹran. Kí ó má fún un ní hóró oògùn tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Aspirin àti ibuprofen, tí ènìyàn ń lò fún ara ríro, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ máa dà, wọ́n sì lè pa ajá láìsí ejò rárá.

Ti oró tí sèbé tu sí ojú yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni alájá ní agbára jù lọ. Omi ni oògùn rẹ̀: omi mímọ́, omi púpọ̀, tí wọ́n ń dà sí ojú náà díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, pẹ̀lú ìka méjì tí ó la ìpéǹpéjú. Bí omi bá tètè dé, ọ̀pọ̀ ojú ni yóò là padà. Bí kò bá dé, ẹyinjú lè ní egbò, ajá sì lè fọ́jú. Ọdẹ tí ó gbé ike omi kan lọ sí oko ti gbé oògùn ajá rẹ̀ dání. Kò sí ìdí láti fi oje ewé tàbí ìtọ̀ ṣe ohun tí omi ń ṣe.

Àwọn kan yóò ní kí ni dókítà ẹran fẹ́ ṣe nígbà tí kò ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò. Ohun tí ó lè ṣe kì í ṣe kékeré. Ó lè fa omi sínú iṣan ajá kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa yí. Ó lè fún un ní oògùn ìrora tí kò ní ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ó mọ́, tí ó sì gbẹ, kí ó fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́kàn án, kí ó wá dà á síhìn-ín: bí kò bá dì, oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ó lè tọ́jú ẹran ara tí ó jẹrà títí awọ tuntun yóò fi hù. Ní Onderstepoort, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, àwọn dókítà ẹran yẹ àkọsílẹ̀ ajá 155 tí ejò ṣán wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2004. Paramọ́lẹ̀ ńlá, irú kan náà tí ó wà ní Bantè, wà lára àwọn ejò méjì tí ó ṣán wọn jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá náà ni ó yè. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ àwọn alájá. Síbẹ̀, ìtọ́jú lójoojúmọ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ wọn dìde.

Nípa abẹ́rẹ́ náà, ọ̀rọ̀ le níbẹ̀. Láti ọdún 1894 ni Calmette, ará Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí wọ́n fún ní oró díẹ̀díẹ̀ lè pa oró náà. Títí di òní, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ń lò jù láti fi ṣe é. Ẹranko ni ó ń gba ènìyàn là. Ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ilé iṣẹ́ Sanofi Pasteur dá ṣíṣe FAV-Afrique dúró ní ọdún 2014, èyí tí ó kù sì kọjá ọjọ́ lílò rẹ̀ ní ọdún 2016. Àwọn mìíràn ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ìṣán ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Ní ọdún 2019, ó sọ pé òun fẹ́ kí ikú àti àbùkù ara tí ejò ń fà dín kù sí ìdajì kí ó tó di 2030. Iye tí ó ń kú lọ́dọọdún ní ayé, gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti wí, wà láàárín 81 000 sí 138 000.

Ẹni tí ó gbọ́ iye yìí kò lè ní kí wọ́n gba ìgò kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé ìwòsàn fún ajá. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà fún Savalou àti Bantè, ènìyàn ni ó wà fún, ìgò rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ tí wọn yóò gbé dé ibẹ̀ lóru. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ajá kì í tilẹ̀ lo oògùn yìí kéré sí ènìyàn, bí àwọn kan ti rò. Oògùn mìíràn, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ti èyí, oró tí ejò tu sílẹ̀ ni ó ń bá jà. Bí ejò bá tu oró kan náà sínú ọmọ ajá àti sínú àgbàlagbà ọkùnrin, iye ìgò kan náà ni wọn yóò fẹ́.

Àmọ́ láti ibẹ̀ dé «ẹ fi í sílẹ̀» jìnnà. Ìgò tí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò lè fún ènìyàn mọ́, iná ni wọ́n ń sun ún sí. Oògùn yìí tí wọ́n sọ di lúbúlúbú, tí wọ́n sì tọ́jú dáadáa, kì í sọ agbára rẹ̀ nù ní ọjọ́ kan. Bí òfin bá gbà, tí àwọn apòògùn sì fọwọ́ sí i, ó yẹ kí irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran dípò ààrò. Àwọn kan yóò ní èyí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ń ta oògùn àtijọ́ lọ́jà. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ìwé wà lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, láti ilé ìwòsàn títí dé ara ajá tí wọ́n lò ó fún.

Ohun mìíràn tí kò ná owó púpọ̀ ni kíkà. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Geneva lọ sí Nepal àti Cameroon. Ní ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀, wọn kò béèrè nípa ènìyàn nìkan. Wọ́n béèrè nípa màlúù, ewúrẹ́, adìyẹ àti ajá tí ejò ṣán pẹ̀lú. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Àgbẹ̀ tí màlúù rẹ̀ kú, owó ilé ìwòsàn ọmọ rẹ̀ ni ó kú. Àti pé oko tí ejò ti ṣán ajá méjì láàárín oṣù kan, a ti mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wọ bàtà gígùn, kí wọ́n sì fi igi gbá ewé kí wọ́n tó na ọwọ́ sí i.

Ní Akpassi, ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn àti ẹni tí ń tọ́jú ẹran lè má pàdé títí ọdún fi parí, bẹ́ẹ̀ ni ejò kan náà ni àwọn méjèèjì ń rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé kan tí ó ní ìlà mẹ́rin ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa kọ: ọjọ́ tí ejò ṣán, oko tí ó ti ṣẹlẹ̀, irú ejò bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, àti ẹni tàbí ẹran tí ó ṣán. Kí ìkórè kajú tó tún dé, kí wọ́n jókòó pọ̀ ní mẹ́rì ní Bantè, kí wọ́n ka ìwé náà fún àwọn olórí ọdẹ.